Ẹ́ńjìnì tuntun inú Mustang Bàbá Àgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń bi mí pé ibo lọ̀rọ̀ Mustang yẹn dé, ó ti dìde o! Tá a bá sítáàtì ẹ̀ báyìí, wọ́n á gbọ́ ọ lọ́nà Ìgbẹ̀ba.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tá a ń pè ní Bàbá Àgbà, ló gbé e wá láti Amẹ́ríkà, mọ́tò Ford Mustang 1966, àtìgbà tí mo wà ní pírámárì ló ti wà nínú gáréèjì wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Sílíńdà mẹ́fà ló bá wá, èyí tí wọ́n ń pè ní 200, lítà 3.3, agbára ẹṣin 120. Èèyàn máa ń rò pé gbogbo Mustang ló ní V8, ẹ́ńjìnì oní sílíńdà mẹ́jọ, rárá o. Tèmi ti nọ́ọ̀kì, kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ìgbà tí mo wá rí jíìpù Ford Explorer 1998 kan ní Ṣàgámù, wọ́n ti kọlù ú lẹ́yìn, ẹ̀yìn ẹ̀ ti run, àmọ́ iwájú ò fara pa rárá, V8 lítà 5.0 ló wà níbẹ̀, mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ́ńjìnì yẹn àti V8 tí wọ́n ń pè ní 289, tí Ford fúnra wọn ń kó sínú Mustang 1966, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, sítì ẹ́ńjìnì 289 máa gbà á láìjẹ́ pé wẹ́dà fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀gá mẹkáníìkì wa, àgbà ni wọ́n, Peugeot 504 ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ́ńjìnì kọ́ niṣẹ́ o, ohun tó máa dá a dúró niṣẹ́." Mo gbọ́ ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ojúde Ọba ti súnmọ́, mo sì ti sọ fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa pé mọ́tò yẹn la máa gbé jáde.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ́ìlì pan Explorer ò wọlé, ọ̀pá sítíárì dí i lọ́nà, iwájú ni kòtò ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà nínú Mustang àtijọ́. A yọ brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, a fi kàbúrétọ̀ àti distributor sí i. Wáyà plọ́ọ̀gì ló wá gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wa! A tò ó bí iná ṣe ń dé sílíńdà kọ̀ọ̀kan nínú 289 àtijọ́, 1-5-4-2-6-3-7-8, ó ń gbọ̀n, iná ń yọ lẹ́nu kàbúrétọ̀, kí ọmọṣẹ́ wọn kékeré tó ní ká wò ó dáadáa, 1-3-7-2-6-5-4-8 ni Explorer. A yí i padà, ó dún. Omijé bọ́ lójú mi.

Mo gbé e jáde sọ́nà Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyá kan tó ru gàrí ń sọdá, mo tẹ bíréèkì, kò mú, mọ́tò fà sọ́tùn-ún, ó wọ inú koríko. Ìyá yẹn ò fara pa, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n títí mo fi délé.

Ohun tí ọ̀gá ń sọ nìyẹn. Mustang oní mẹ́fà, dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ẹ̀ ò ju ínṣì 9 lọ, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di táyà mú, oní V8 ní ínṣì 10 àti nọ́ọ̀tì márùn-ún, axle ẹ̀yìn àti sípíríǹgì iwájú ẹ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Disc bíréèkì níwájú, axle míì lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì márùn-ún yíká. Owó yẹn ju owó ẹ́ńjìnì lọ, Ojúde Ọba sì kọjá. Ó dùn mí gan-an, àwọn ẹgbẹ́ mi wọṣọ, èmi wà lábẹ́ mọ́tò.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé e lọ bá ìyàwó bàbá àgbà. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n ní, "Ṣé mọ́tò ọkọ mi nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kì í dún báyìí nígbà yẹn, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n ní ká lọ.

Ráídétọ̀ ló kù. Tí gosiló bá ti mú wa ní Lagos Garage, gẹ́ẹ̀jì á máa gòkè. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń kọ́ ráídétọ̀ dáadáa ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́.