Àjàṣẹ́ la ti ń sùn, Kútọnu la ti ń jẹun

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ètò ìrìnnà fún Kútọnu àti àwọn ìlú tó yí i ká bá ti délẹ̀, orúkọ ìlú márùn-ún kan náà lèèyàn máa ń gbọ́: Kútọnu, Calavi, Sẹ̀mẹ̀-Podji, Ouidah àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, ní ilẹ̀ Benin. Grand Nokoué ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀sà tó wà láàárín yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Mi ò bá èrò yẹn jà o, ó dáa, ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti ṣe é. Ohun tí ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tó fa ìlà yẹn yí ìlú márùn-ún ká, àfi bíi pé kò bi àwọn tó ń wọkọ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti ń jí.

Ẹ wo ìkànìyàn ná. Lọ́dún 2002 Kútọnu ní nǹkan bí 665,000 èèyàn, nígbà tó fi máa di 2013 ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di 679,000, ká kúkú sọ pé ojú kan ló wà. Calavi ńkọ́? 307,000 ló fò di 656,000. Sẹ̀mẹ̀-Podji náà kúrò ní 115,000, ó di 222,000. Ilẹ̀ ló tán ní Kútọnu, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì, owó ilé wọ́n, làwọn èèyàn bá kó jáde lọ kọ́lé síta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò bá wọn kó. Ọjà Tokpa, pọ́ọ̀tù, báńkì, ọ́fíìsì mínísítà, Kútọnu ni gbogbo ẹ̀ wà. Àwa ará Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní olú-ìlú gan-an, Kútọnu la ti ń lọ wá ìjọba.

Ẹ wá sí Wandó, ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ l'Ájàṣẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bọ̀ọ̀dà tó ń pe èrò á máa pariwo "Kútọnu! Kútọnu! Ẹnì kan ló kù!", ẹ wo inú tasí, èèyàn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, mẹ́fà ló sì ń kó, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn. Ìyá kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan báyìí, Àjàrá ló ti wá, ó gbé ìkòkò amọ̀ tó fi aṣọ wé sórí itan. Awakọ̀ ní "Màámá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n bá yín gbé ìyẹn sí búùtù." Ìyá ní "Ọmọ mi, tó bá fọ́ ńkọ́, ṣé ìwọ lo máa rà á?" Ni wọ́n bá fi Ìyá sílẹ̀ tòun tìkòkò, àwa tó kù la fún pọ̀. A dé Sẹ̀mẹ̀, ọkọ̀ ò lọ mọ́, ibẹ̀ ni Ìyá ti ń sọ fún mi pé àwọn ti san owó zẹmijan (ọ̀kadà) láti Àjàrá dé Wandó, àwọn san ti tasí yìí, táwọn bá sọ̀kalẹ̀ ní Tokpa àwọn á tún gun zẹmijan míì dé ilé oníbàárà. Owó ẹ̀ẹ̀mẹta ní àlọ nìkan, ká tó sọ ti àbọ̀, lórí ìkòkò tí èrè orí ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ìyá yìí ò sí nínú ìlú márùn-ún yẹn. Àjàrá ò sí níbẹ̀, Misérété ò sí níbẹ̀, Avrankou ò sí níbẹ̀, àwọn Aguégués tí wọ́n ń gba orí omi wá sọ́dọ̀ wa náà ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ Àjàṣẹ́ á mọ̀ pé èèyàn lè rìn láti ilé ẹ̀ dé Àjàrá láì mọ ìgbà tóun kúrò ní ìlú kan bọ́ sí ìkejì. Tí wọ́n bá ka èrò tó ń wọkọ̀ ní Wandó, wọ́n á pe gbogbo wọn ní ará Àjàṣẹ́, ètò á wá bẹ̀rẹ̀ láti Wandó, ọ̀nà tó ṣáájú Wandó á wà bó ṣe wà.

Àwọn mẹ́ríì, ìyẹn àwọn tó ń ṣèjọba ìlú kọ̀ọ̀kan, á ní ohun tójú rí ò kéré. Láti 2003 ni kọmúnù kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ìjọba ara ẹ̀, ìlú márùn-ún yìí sì wà lábẹ́ department (ẹkùn ìjọba) mẹ́ta, Kútọnu ní Littoral, Calavi àti Ouidah ní Atlantique, àwa àti Sẹ̀mẹ̀ ní Ouémé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe é lórí ìdọ̀tí, àbí? Láti 2018 tí wọ́n ti dá SGDS sílẹ̀, iléeṣẹ́ kan náà ló ń rí sí pàǹtí ìlú márààrún. Lóòótọ́ pàǹtí ò ní kí wọ́n sáré torí òun fẹ́ débi iṣẹ́ láago mẹ́jọ.

Dakar ní Senegal bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. 1997 ni wọ́n ti dá CETUD sílẹ̀, àjọ tó kó ìjọba, àwọn ìlú àtàwọn ọlọ́kọ̀ jókòó pọ̀. TER, rélùwéè tó ń lọ láti Dakar dé Diamniadio, 36 kìlómítà, 2021 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín. Àwa ní irin rélùwéè tó gba Àjàṣẹ́ lọ Ìpọ́bẹ́, ọkọ̀ ni ò gbà á mọ́. Ti Èkó náà, LAMATA, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà níbẹ̀, ti wà látọdún 2002, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Èkó ló ni ín, bẹ́ẹ̀ Ọ̀tà àti Ìbafò ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ń sùn, ọ̀rọ̀ Àjàrá wa náà nìyẹn.

Owó wá ńkọ́? Níbi tọ́rọ̀ á ti le nìyẹn. Ará Avrankou ń náwó ní Tokpa, Kútọnu lowó yẹn ń dúró sí, Avrankou ló máa tún títì tó gbà jáde nílé ṣe. Ní Faransé, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó bá ti gba òṣìṣẹ́ 11 sókè ló ń san owó kan tí wọ́n ń pè ní versement mobilité, tààrà sínú ìrìnnà ló ń lọ, torí òun ló ń jẹ àǹfààní bí òṣìṣẹ́ bá tètè dé. Mo fara mọ́ ìyẹn ju kí wọ́n tún lọ fowó kún owó ọjà àwọn ìyá wa lọ. A ò tíì sọ ti kpayo o, epo tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wá láti Nàìjíríà: nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, Àjàṣẹ́ níbí lowó ọkọ̀ ti gbéra. Ètò tó bá gbàgbé pé Abuja lè dá owó ọkọ̀ wa lé wa lórí, ìwé lásán ni.

Àwọn awakọ̀ ló kù. Nígbà tí BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tiẹ̀, bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2008, ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW wà lára àwọn tí wọ́n fún láti máa wa bọ́ọ̀sì yẹn, wọn ò kàn lé wọn kúrò lójú títì. Mo sọ èyí fún awakọ̀ tó gbé wa lọ́jọ́ yẹn, mo bi í pé tí bọ́ọ̀sì ńlá bá dé Wandó ńkọ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá fún mi ní èyí tí màá wà níbẹ̀, lọ́la ni kó dé. Tí wọn ò bá fún mi, ibo ni wọ́n fẹ́ páàkì ẹ̀ sí?"