Rélùwéè tòkunbọ̀

Sátidé, n kò níṣẹ́ lónìí. Ó yẹ kí n sùn di ọ̀sán, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ lánàá kò jẹ́ kí ojú mi pa dé.

Màmá ni mo máa ń pe ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú níbí ní Ventnor, ìlú kékeré kan létí òkun ní Isle of Wight, erékùṣù kan ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀, kódà tí mo bá pè é lórúkọ báyìí á rò pé inú ń bí mi. Mò ń fi ìpara ra á lẹ́sẹ̀ lánàá, mo sì ń ráhùn pé bọ́ọ̀sì tún já mi kulẹ̀, pé mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú nínú atẹ́gùn òkun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, rélùwéè ló ń gbé òun lọ sí Ryde, ní òdì kejì erékùṣù. Ó na ọwọ́ òsì sórí aṣọ ìbora, ó ní òkè nìyẹn. Ó wá ti ọwọ́ ọ̀tún gba abẹ́ rẹ̀ yọ, fìrì! "Bó ṣe ń jáde nínú ihò báyìí, a ti délé nìyẹn."

Òkè yẹn, St Boniface, ló dúró sáàárín Ventnor àti Shanklin. Mítà 241 ni gíga rẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tó ga tó o ní gbogbo Isle of Wight. Wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀, ihò tó gùn ju kìlómítà kan lọ, ojú irin sì wọ Ventnor ní 1866. Oṣù Kẹrin 1966 ni wọ́n tì í pa. Ó ku oṣù díẹ̀ péré kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún; wọn ò lè mú sùúrù kó ṣe ọjọ́ ìbí! Páìpù omi ló ń gba inú ihò náà báyìí. Ibi tí ibùdó rélùwéè wà tẹ́lẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá tipẹ́, n kò mọ ohun tí mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Shanklin, níbi tí ojú irin pin sí nísinsìnyí. Yàtọ̀ sí ọkọ̀ eléèéfín àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń wọ̀ ṣe fàájì, ohun tó ṣẹ́ kù nínú gbogbo rélùwéè erékùṣù yìí kò ju máìlì mẹ́jọ àbọ̀ lọ, láti Shanklin títí dé ìpẹ̀kun afárá Ryde tó na ọrùn wọ inú òkun. Ọkọ̀ wọlé, mo sì dúró bí ẹni tó rí ará ilé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo dá mọ̀. Kì í ṣe aláwẹ́ méjì tó ń pàdé láàárín. Odidi pátákó kan tó fẹ̀ ló ń rọra fà sí ẹ̀gbẹ́. Kí n tó wá síbí, Barking ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, District Line, ọ̀kan nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ni mo sì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. N kò lè ka iye ìgbà tí mo ti fara ti irú ilẹ̀kùn yìí sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru.

Òun náà ni! Wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú irin Lọ́ńdọ̀nù ní 2017, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Vivarail rà á, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n fi ihò tí èèyàn lè fi ṣáájì fóònù sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní oṣù Kọkànlá 2021. Vivarail fúnra rẹ̀ wọ gbèsè ní ìparí 2022. Ọkọ̀ ṣì ń rìn ní tiẹ̀.

Mo pe Àǹtí mi ní Agége láti inú ọkọ̀.

"Tòkunbọ̀? Lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó?"

"Tòkunbọ̀ pọ́ńbélé ni mà. Ẹ̀ẹ̀kẹta wọn rèé."

Mo ṣàlàyé fún wọn. Ihò kan wà lábẹ́ ìlú Ryde tí òrùlé rẹ̀ kò ga, ọkọ̀ ńlá kò lè gbabẹ̀. Nítorí náà, ní 1967, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó ti gbó ni wọ́n kó wá. Nígbà tí ìyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹnu kọlẹ̀, wọ́n tún kó òmíràn wá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1938, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di oṣù Kìíní 2021. Ọkọ̀ tó ṣáájú ogun Hitler, tó wá bá Kòrónà láyé!

Àǹtí ní tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀ o, pé tuntun ni Red Line tí àwọn ń wọ̀ lọ sí Oyingbo. Mo ní kí wọ́n má bínú, ọkọ̀ tí ìjọba Èkó rà fún Red Line ní 2022, ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́.

"Wọn ò kúkú lò ó. Ìyẹn kì í ṣe tòkunbọ̀."

"Kí ni ká wá pè é?"

"Tún mi pè tí o bá délé." Wọ́n pa fóònù.

Ní Brading, ọkọ̀ wa dúró de èyí tó ń bọ̀ láti Ryde. Irin kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà àtúnṣe 2021 ni wọ́n tún tẹ́ ìkejì padà kí ọkọ̀ méjì lè yàgò fún ara wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan á dé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ìkejì lẹ́yìn ogójì. Ní báyìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú geerege ni ètò wà fún. Tèmi ni pé irin kúkurú yẹn níyì ju gbogbo ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn lọ. Ẹni tó bá ti dúró de bọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn mọ ohun tí mò ń wí.

Mo sọ̀ ní Smallbrook. Kò sí títì tó débẹ̀, rélùwéè nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀, rélùwéè náà ló ń gbé e kúrò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ eléèéfín ti ń gbéra lọ sí Wootton. Ó rẹwà, kí n má parọ́: àwọ̀ idẹ rẹ̀ ń dán, àwọn ọmọdé ń ju ọwọ́ sí i. Àmọ́ ó dúró ní Wootton, kò dé Newport, tó jẹ́ olú ìlú erékùṣù yìí, tí ilé ìwòsàn ńlá wà níbẹ̀. Láti 1966 ni Newport kò ti rí rélùwéè. Ní 2020, ìjọba fi owó sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn ojú irin tí wọ́n ti pa níbí ṣeé jí dìde. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba tuntun fagi lé àpò owó náà pátápátá. Àwa tí à ń wọ iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ kò bẹ̀bẹ̀ fún tuntun. Bó ṣe ẹ̀kẹrin tòkunbọ̀, kó ṣáà wá.

Mo ti tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì òní sínú báàgì. Lọ́jọ́ Ajé ni n ó fi han Màmá. Mo mọ̀ pé á kọ́kọ́ wọ gíláàsì ojú rẹ̀, á gbé e súnmọ́ fèrèsé, á sì máa wá Ventnor lórí rẹ̀.