Ilẹ̀ Tí À Ń Tẹ̀ Yìí Kì Í Ṣe Òkú

Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, mo bu omi sínú ife dígí méjì, mo gbé wọn kalẹ̀ lórí tábìlì, mo sì rọra ju ìṣù erùpẹ̀ gbígbẹ kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Abẹ́ igi ńlá kan ni mo ti mú ìṣù àkọ́kọ́, níbi tí ewé ti ń já bọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tí ó ń kó o. Ìṣù kejì wá láti ẹ̀yìnkùlé mi, ibi tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ìdí igi náà, tí èmi fúnra mi ti fi ọdún mẹ́rin ro, tí mo ń gbá mọ́ tónítóní, tí mo sì ń finá sun gbogbo pàǹtí tí mo bá kó kúrò lójú rẹ̀. Kí n tó ka ení dé ọgbọ̀n, ìṣù ẹ̀yìnkùlé mi ti tú yángá. Ó di ẹrẹ̀ sí ìdí ife, omi orí rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Èyí tí ó ti abẹ́ igi wá jókòó sínú omi tirẹ̀ fún odidi wákàtí kan láìyẹ̀, omi náà sì mọ́ débi pé mo ń rí ìdí ife kedere.

Ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé èmi tí mo ka ara mi sí onímọ̀ọ́tótó ni mo ba ilẹ̀ náà jẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ pa erùpẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n: iyanrìn inú wọn kò yàtọ̀, amọ̀ wọn kò yàtọ̀, òjò kan náà ni ó sì ń rọ̀ sórí wọn. Ohun tí ó di ìṣù abẹ́ igi mú tí omi kò fi rí i tú ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ohun abẹ̀mí: omi dídùn tí gbòǹgbò ń sun jáde, àtè tí kòkòrò àìfojúrí ń pèsè, okùn tín-ín-rín tí ìdílé olú ń ta káàkiri bí òwú, àti ìgbẹ́ ekòló. Àwọn ni wọ́n ń lẹ hóró iyanrìn mọ́ amọ̀. Níbi tí wọn kò bá sí, erùpẹ̀ kàn kóra jọ ni, kò so pọ̀.

Mo ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ tí ó le, tí ó sì kì pọ́pọ́, ni ilẹ̀ rere. Àṣìṣe gbáà ni. Bí a bá gé ilẹ̀ tí ara rẹ̀ dá wò, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni àlàfo lásán, tí afẹ́fẹ́ àti omi jọ ń pín. Nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni òkúta tí ó ti rún. Ìyókù, tí kì í sábà ju 5 lọ, sì ni ohun tí ó ti jẹrà àti ohun tí ó ṣì wà láàyè. Ilé ni ilẹ̀. Ènìyàn kì í gbé inú ògiri, àárín ògiri sí ògiri ni à ń gbé. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní ìbora, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ń bọ́ lù ú bí òòlù, ó ń fọ́ ògiri àwọn yàrá wọ̀nyí, erùpẹ̀ kíkúnná sì ń dí ẹnu ọ̀nà wọn, títí ojú ilẹ̀ yóò fi sé pa bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Omi tí ó yẹ kí ó wọ inú ilẹ̀ lọ, kí ó máa ro díẹ̀díẹ̀ sí ìsun àti kànga, yóò wá di ọ̀gbàrá, yóò sì kó èyí tí ó lọ́ràá jù lójú ilẹ̀ dání lọ sínú odò. Ìdí nìyí tí ìkún omi àti ọ̀dá fi lè bá ilẹ̀ kan ṣoṣo jà láàárín ọdún kan náà.

Àwọn ta ni ó ń gbé inú ilé yìí? Ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan péré, bí ara rẹ̀ bá dá, ní ohun abẹ̀mí tí ó ju iye ènìyàn inú ayé lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹ̀yà ohun abẹ̀mí tí ó wà láyé ni ó fi ilẹ̀ ṣe ibùgbé. Bí a bá rí ẹyẹ tàbí ẹranko ńlá, ẹnu a máa yà wá, a ó sì máa sọ̀rọ̀ nípa bí a ó ṣe dáàbò bò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun abẹ̀mí, abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni wọ́n wà.

Nínú gbogbo wọn, ekòló ni mo fẹ́ràn jù. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwé tí ó kọ gbẹ̀yìn láyé rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1881, sọ̀rọ̀ nípa ekòló. Ó ṣírò rẹ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erùpẹ̀ tí ó lé ní 10 tọ́ọ̀nù ni ó ń gba inú ekòló kọjá lórí éékà kan lọ́dọọdún. Ó tilẹ̀ kó wọn wá sínú ilé, wọ́n fun fèrè ńlá kan sí wọn, wọn kò mira. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ìkòkò erùpẹ̀ wọn sórí dùùrù tí wọ́n sì tẹ dùùrù náà, kíá ni wọ́n sá wọ ihò. Ekòló kò ní etí. Ara ni ó fi ń mọ̀ pé nǹkan ń mì. Àwọn àgbà ní ekòló júbà ilẹ̀, ilẹ̀ lanu fún un. Ẹnu tí ilẹ̀ là fún ekòló yìí náà ni omi òjò àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, òun náà sì ni gbòǹgbò ń tọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ fa ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà kan tu tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, kí ẹ sì fọ gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi èékánná la ọ̀kan nínú wọn, tí inú rẹ̀ sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹran, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ nìyẹn: bakitéríà (irú kòkòrò àìfojúrí kan) inú rẹ̀ ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ewéko, ewéko náà sì ń fi ṣúgà san owó iṣẹ́ fún un. Ìdílé olú náà ń bá ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀. Okùn wọn ń dé ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, wọ́n ń gbé omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bọ̀, wọ́n sì ń gba ṣúgà tiwọn. Ewéko tí a rò pé ó dá dúró, oníbàárà ni.

Òórùn dídùn tí ilẹ̀ ń mú jáde nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, ara àwọn bakitéríà kan tí à ń pè ní Streptomyces ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Láti inú ìdílé yìí kan náà ni Albert Schatz, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Selman Waksman ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà, ti rí streptomycin ní ọdún 1943, oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́ tí ó ká ikọ́ ife. Waksman nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n ìyẹn tún di ẹjọ́ mìíràn.

Ti oúnjẹ kò gba àlàyé púpọ̀: FAO, àjọ tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ wa ni ó ti inú ilẹ̀ wá, yálà ní tààrà tàbí ní àyípo. Èyí tí a kì í sábà rántí ni kábọ́ọ̀nù, èròjà tí ó wà lára gbogbo ohun abẹ̀mí. Kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ilẹ̀ ju ti ojú sánmọ̀ àti ti gbogbo ewéko ayé lọ lápapọ̀. Bí a bá ń yí ilẹ̀ padà lemọ́lemọ́, tí a sì ń sun ohun tí ó yẹ kí ó jẹrà sínú rẹ̀, ńṣe ni à ń ṣí ilẹ̀kùn àká náà sílẹ̀, kí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ lè gòkè lọ bá èyí tí ó ti ń mú ayé gbóná.

Amẹ́ríkà fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ilẹ̀ tí ó ti kú lè ṣe. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kansas, Oklahoma àti Texas, wọ́n fi katakata tú koríko tí ó ti di ilẹ̀ mú láti ayébáyé, wọ́n sì gbin àlìkámà sí i; nígbà tí ọ̀dá dé láàárín ọdún 1930 sí 1940, kò sí gbòǹgbò tí yóò di erùpẹ̀ mú mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1934, eruku pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà fò dé New York, ó sì ń bọ́ sórí ọkọ̀ ojú omi lórí òkun Àtìláńtíìkì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1935, ìjì eruku sọ ọ̀sán di òru. Kí oṣù náà tó parí, òfin ìdáàbòbò ilẹ̀ ti jáde. Ìjọba lè ṣe òfin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kí erùpẹ̀ tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ tó dá, ó lè gbà tó 1,000 ọdún.

Èmi kò sí lára àwọn tí ń bú ajílẹ̀ inú àpò, nítorí pé àìmọye ènìyàn ni kì bá tí rí oúnjẹ jẹ lónìí bí kò bá sí i. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ ni pé ohun ọ̀gbìn ni ó ń bọ́, kò bọ́ àwọn onílé inú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ń da ajílẹ̀ sílẹ̀ láìdá koríko àti ewé padà sí i dà bí ẹni tí ó ń ṣe àlejò lóore tí ó sì ń febi pa àwọn tí ń se oúnjẹ náà.

Ní tèmi, mo ti jáwọ́ nínú gbígbá. Mo kó ewé abẹ́ igi náà wá bo ẹ̀yìnkùlé mi dáadáa, débi pé aládùúgbò mi kan béèrè bóyá ara mi kò yá ni. Ní oṣù kẹta tí mo ṣí ewé náà wò, mo rí ìgbẹ́ ekòló, ó dúdú, ó ṣù wẹ́wẹ́ lójú ilẹ̀. Lánàá, mo tún gbé ife dígí kalẹ̀, mo sì ju ìṣù erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sínú omi. Ó tú. Ṣùgbọ́n mo ti ka ení kọjá igba kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú.