Ẹni tó ń so bọ́ǹbù mọ́ bàálù: iṣẹ́ wo ló wà fún un níta?

"Ta ló máa gba ẹni tó mọ bọ́ǹbù so sí iṣẹ́?" Ìbéèrè yìí ló máa ń wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó wà ní ìdí ohun ìjà bàálù ní Amẹ́ríkà bí ọjọ́ àtikúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun bá ti ń sún mọ́lé, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń ṣe 2W1X1 (nọ́ńbà iṣẹ́ ìdí ohun ìjà bàálù) ní Air Force, ìbáà jẹ́ AO (Aviation Ordnanceman, orúkọ iṣẹ́ kan náà) ti Navy tó ń wọ ẹ̀wù pupa lórí ọkọ̀ ojú omi tí bàálù ń bà lé. Ìdáhùn mi ò gùn. Iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ jọ tiyín jù lọ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ sábà máa ń tì. Èyí tí ẹ ò rò pé ó kàn yín rárá ló máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ mú iṣẹ́ UXO, ìyẹn wíwá àwọn bọ́ǹbù àtijọ́ tí kò bú nínú ilẹ̀ tí àwọn ológun ti lò rí. Létí, ó dà bíi pé tiyín ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà TP 18 tí DDESB, ìgbìmọ̀ ààbò ohun abúgbàmù ti Pentagon, gbé jáde ló sọ irú ẹni tó lè ṣe é, síso bọ́ǹbù mọ́ ìyẹ́ bàálù kò sì rọ́pò ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ bọ́ǹbù di aláìlẹ́nu. Ẹni tó jáde nílé ẹ̀kọ́ EOD, níbi tí àwọn ológun ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ bọ́ǹbù di aláìlẹ́nu, ní Eglin, Florida, ló lè gba ibẹ̀ wọlé tààrà. Ẹlòmíì gbọ́dọ̀ lọ kọ́ UXO Technician Level I níbi tí wọ́n fọwọ́ sí, bíi TEEX ti Texas A&M, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀kọ́ HAZWOPER, ìyẹn ti ààbò níbi ohun olóró, wákàtí 40 tún ń bẹ níwájú, pẹ̀lú àfikún wákàtí 8 lọ́dọọdún. Bí ọkàn yín bá wà níbẹ̀, ẹ lọ. Kí ẹ má kàn rò pé ipò sájẹ́ǹtì yín lójú ogun máa ká ìyẹn kúrò nílẹ̀.

A&P, ìwé àṣẹ àtúnṣe bàálù tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ń fúnni, ni àríyànjiyàn rẹ̀ pọ̀ jù. Òfin 14 CFR 65.77 béèrè ìrírí oṣù 18 fún Airframe (ara bàálù) nìkan tàbí Powerplant (ẹ́ńjìnnì) nìkan, oṣù 30 fún méjèèjì pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé èèyàn á ka gbogbo oṣù tó fi wọ aṣọ ológun. Ohun tí òṣìṣẹ́ FAA tó jókòó ní FSDO, ọ́fíìsì FAA tó wà ládùúgbò yín, fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ọwọ́ yín kàn lára bàálù fúnra rẹ̀. Fífi MJ-1, ọkọ̀ tó ń gbé bọ́ǹbù sókè, gbé bọ́ǹbù GBU-12 kì í ṣe àtúnṣe bàálù. Àmọ́ bí ẹ bá tú pylon, ìyẹn apá abẹ́ ìyẹ́ tí wọ́n ń so bọ́ǹbù mọ́, tí ẹ tọpa wáyà tó gé láti inú pylon dé inú ìyẹ́, tí ẹ pààrọ̀ connector, tí ẹ fi safety wire di nọ́ọ̀tì, tí ẹ tú mọ́tò hydraulic tó ń yí ìbọn M61 tí ẹ sì dá a padà, ẹ ti ní nǹkan tí ẹ lè kà fún un lórí Airframe. Powerplant ni ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ní armament ti máa ń há sí, torí ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ìdí wọn. Ní tèmi o, ẹni tí ìwé rẹ̀ ò tó kó má fi tipátipá béèrè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Kó gba Airframe, kó wá fi GI Bill, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fún ológun, parí Powerplant nílé ẹ̀kọ́ tó ní àṣẹ FAA (Part 147).

Ìwé tí ẹ máa gbé lọ ni Form 8610-2, fọ́ọ̀mù ìbéèrè ìwé àṣẹ FAA, ẹ̀dà méjì, àti lẹ́tà látọ̀dọ̀ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ yín. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "òṣìṣẹ́ tó dáa ni" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kó dárúkọ irú bàálù, kó dárúkọ ẹ̀ka ara bàálù tí ẹ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kó sì sọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó parí. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí 8610-2, ó ku ìdánwò: General ní ìbéèrè 60, Airframe 100, Powerplant 100, ẹni tó bá gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti yege. Èsì rẹ̀ ò lò ju oṣù 24 lọ, nítorí náà kí ẹ má jẹ́ kí ìdánwò ẹnu àti tọwọ́ lọ́dọ̀ DME, olùdánwò tí FAA yàn, pẹ́ jù.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí ọjà yín gan-an wà.

Kí ẹ tó ki katiriji sínú ẹ̀rọ tó di bọ́ǹbù mú, ẹ mọ ètò rẹ̀ lójú oorun. Gbogbo bọ́tìnnì wà ní pípa, pín-ìnì ààbò wà nípò rẹ̀, wáyà grounding ti kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ máa fi ẹ̀rọ ìdánwò kan ojú ibi tí iná ti máa wọ katiriji, láti mọ̀ bóyá iná kankan ń sá wá síbẹ̀. Bó bá wà, katiriji kankan ò gbọdọ̀ wọlé, torí iná ló ń yìn ín, bó bá sì yìn, ó lè já bọ́ǹbù náà lé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí. Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti ń wá: ṣé omi ló wọ connector, ṣé wáyà ló ti ha mọ́ irin títí ara rẹ̀ fi bó, ṣé relay ló lẹ̀ mọ́lẹ̀, àbí ẹnì kan ló gbàgbé bọ́tìnnì?

Ní fáktírì àti data center, lockout/tagout ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ètò yẹn, 1910.147 ti OSHA, àjọ ààbò lẹ́nu iṣẹ́, sì ni òfin rẹ̀. Pa iná, fi kọ́kọ́rọ́ tì í, fi orúkọ rẹ kọ́ ọ, kí o sì fi mítà wò ó pé kò sí iná níbẹ̀ lóòótọ́ kí o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹni tuntun máa ń fò, òun ló sì ń pa wọ́n. Ẹ̀yin ò lè fò ó mọ́, ó ti mọ́ yín lára. Agbanisíṣẹ́ tó ń wá oníná tàbí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ṣe máa fẹ́ gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ bí ẹ bá kọ "stray voltage check", orúkọ àyẹ̀wò iná tó ń sá yẹn, sínú CV tí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lédè tirẹ̀: mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò pé iná ti kúrò kí n tó so ohun abúgbàmù tí iná ń yìn, mo sì ń fi mítà àti àwòrán wáyà wá ibi tó bàjẹ́.

Bákan náà ni Red X, àmì pé bàálù ò gbọdọ̀ fò, inú ìwé 781A tí wọ́n ń kọ àbùkù bàálù sí. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kọ́ ló máa pa á rẹ́. Ẹlòmíì tó ní àṣẹ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i. CDI àti QAR, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò ní Navy, ń ṣe irú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ara bàálù, tó ń tẹ̀ lé AS9100 (ìlànà iṣẹ́ tó péye), ń wá irú ojú bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ ayẹjàwò, ìwé ẹ̀rí ayẹjàwò CQI tí ẹgbẹ́ ASQ ń fúnni á sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Dípò "load crew chief", ẹ kọ pé ẹ darí ikọ̀ ẹni mẹ́ta lábẹ́ aago, ìwé ìlànà wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́, gbogbo irinṣẹ́ ni ẹ kà kí ẹ tó ṣí kúrò. Ẹ yọ orúkọ àdó olóró kúrò. Ẹni tó ń ka CV kò mọ ohun ìjà AIM-120, ẹ̀rù ni yóò bà á.

Bó bá jẹ́ ohun abúgbàmù gan-an lẹ fẹ́ máa bá lọ, ìdí kànga epo ni mo máa kọ́kọ́ darí yín sí, àgàgà Midland àti Odessa ní Texas. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ kànga tí wọ́n sì ti ki páìpù irin sí i, epo ò tíì lè wọlé. Wọ́n á fi wáyà sọ ìbọn onírin kan kalẹ̀, shaped charge tí wọ́n fi RDX tàbí HMX ṣe á wà nínú rẹ̀, òun ló máa dá páìpù náà lu kí epo lè ṣàn wọlé. Perforating nìyẹn. API RP 67 ni ìlànà ààbò rẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ HERO, ìlànà ológun tó ń dáàbò bo ohun ìjà lọ́wọ́ ìtànṣán rédíò, máa dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: bí wọ́n bá ń so detonator oníná, fóònù àti rédíò á wà ní pípa, welding á dúró, ó di ìgbà tí ìbọn náà bá ti wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 200. Èyí tó burú jù ni ìbọn tí kò yìn tí wọ́n ní láti fà padà sókè. Bó ṣe rí pẹ̀lú bọ́ǹbù tó há mọ́ ìyẹ́ bàálù náà nìyẹn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sáré sún mọ́ ọn.

ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ohun abúgbàmù, máa yẹ ìtàn yín wò kí ẹ tó lè fọwọ́ kan ohun abúgbàmù lábẹ́ 27 CFR 555. Green card kò dí yín lọ́wọ́. Dishonorable discharge, ìyẹn lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun pẹ̀lú ìtìjú, á dí yín lọ́wọ́, igbó mímu náà á dí yín lọ́wọ́, kódà bí ìpínlẹ̀ yín bá ti fàyè gbà á, torí òfin ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń lò.

Lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ tẹ nọ́ńbà sínú USAJOBS, ìkànnì iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ má tẹ orúkọ: WG-6652 fún ẹ̀rọ ohun ìjà bàálù, WG-6502 fún iṣẹ́ ohun abúgbàmù, GS-1910 fún ayẹjàwò. Ètò QASAS, ti ayẹjàwò ohun ìjà ológun, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní McAlester, Oklahoma, dára fún ẹni tó wá láti ìdí munitions tí ìrìn-àjò ò sì sú.

Secret clearance yín, ìyẹn àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba, ṣì wúlò títí oṣù 24 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò, bí àyẹ̀wò rẹ̀ ò bá tíì gbó. Ọ̀rọ̀ kan tó kàn àwa gan-an wà níbẹ̀. SF-86, fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò clearance náà, ń béèrè ẹbí tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ó sì ń béèrè owó tí ẹ fi ń ran ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Owó oúnjẹ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára rẹ̀. Fífi í ránṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pípa á mọ́ ló ń kó báni. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

SkillBridge lè fún yín tó ọjọ́ 180 tó gbẹ̀yìn láti lọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aráàlú, owó oṣù ológun ò sì ní dúró, àmọ́ ọ̀gá yín lè kọ̀ tàbí kó gé e kúrú, nítorí náà ẹ tètè béèrè. Ẹ lo COOL, ètò ológun tó ń sanwó fún ìwé ẹ̀rí, fún owó ìdánwò nígbà tí ẹ ṣì wà nínú aṣọ. GI Bill lè san tó $2,000 fún ìdánwò ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n inú oṣù 36 yín ló ti máa yọ ọ́. Kí CAC yín (káàdì ìdánimọ̀ ológun) tó kú, ẹ tẹ VMET, àkọsílẹ̀ ìrírí yín lẹ́nu iṣẹ́ ológun (DD 2586), àti ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín jáde, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ yín, JST tàbí ti CCAF (kọ́lẹ́ẹ̀jì Air Force). Ojú ewé tó bá ní àmì CUI (ọ̀rọ̀ ìjọba tí wọ́n ń dáàbò bò) tàbí tó ṣàlàyé bí ohun ìjà ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì.