Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá inú koríko yín ṣòfò kó tó gbẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá koríko fún màlúù, ewúrẹ́ àbí ehoro, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé koríko ní ọ̀rá rárá. Kò pọ̀ o. Koríko tó ṣì kéré, tá a bá yọ omi inú ẹ̀ kúrò, nǹkan bí ìdá 3 sí 5 nínú 100 ló máa ń jẹ́ ọ̀rá, àmọ́ ó sábà máa ń ju ìdajì ọ̀rá yẹn lọ tó jẹ́ omega-3, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó ń ṣara lóore, inú ewé ló sì pọ̀ sí, igi ẹ̀, ìyẹn pòròpórò ẹ̀, ò fi bẹ́ẹ̀ ní.

Tẹ́ ẹ bá ti gé e, kì í kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tó ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rá yẹn, ọ́síjìn náà á dá sí i, omega-3 yẹn ló sì máa ń tètè bà jẹ́ jù. Òórùn koríko tútù tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn yẹn, ara ọ̀rá tó ń fọ́ ló ti ń jáde, èmi tí mo bá ti ń gbọ́ ọ, ṣe ni mo máa ń yára.

Torí náà àárín ìgbà tẹ́ ẹ gé e sí ìgbà tó máa gbẹ gan-an ni wàhálà wà. Bó bá ṣe pẹ́ nílẹ̀ tó ni ọ̀rá ń lọ tó. Òjò ò lè fọ ọ̀rá kúrò bó ṣe ń fọ ṣúgà, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí gbígbẹ náà falẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣe yín léṣe. Ẹ wo ojú ọjọ́ kẹ́ ẹ tó gé, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má kó o jọ gègèrè.

Èyí téèyàn kì í kà sí ni ewé tó ń rún dànù. Ẹ máa yí i ní àárọ̀ tí ìrì ṣì wà lára ẹ̀ díẹ̀, torí tó bá ti gan tán tẹ́ ẹ wá ń yí i, igi lásán lẹ máa kó wọlé, ẹran á jẹ ẹ́ náà ṣá. Tó bá ti rọ dáadáa, ẹ lè parí ẹ̀ níbi tí ìbòòji àti atẹ́gùn wà, torí oòrùn tó pọ̀ ń pa àwọ̀ ewé ẹ̀, ó sì ń pa carotene (èròjà aláwọ̀ kan tó wà nínú ewé) àti fítámìn E pẹ̀lú. Carotene yẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀rá wàrà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ máa rí i pé wàrà màlúù tó ń jẹ koríko gbígbẹ máa ń funfun jù.

Ìgbà tẹ́ ẹ gé e náà ṣe kókó, èyí tó ti yọ òdòdó ti di igi jù, ọ̀rá ẹ̀ ti dín kù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tí omi inú ẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 15 nínú 100, ẹ lè kó o pa mọ́, èyí tó ṣì tutù á gbóná níbi tẹ́ ẹ kó o sí, á sì bu. Tó bá jẹ́ koríko gbígbẹ nìkan lẹran yín ń jẹ, hóró flax díẹ̀, ìyẹn hóró ewéko kan tí omega-3 pọ̀ nínú ẹ̀, lè dá omega-3 padà, àmọ́ ẹ fi fítámìn E kún un o.