Ìdí Ń Jó Bàbá Ìbejì lórí M6

Ẹ má rò pé ọkọ̀ oníná àlòkù ṣọ̀wọ́n ní Ìlú Ọba o. Ẹ tẹ Renault Zoe sórí fóònù yín, wọ́n á tú jáde: funfun, búlúù, pupa, èyí tí ajá ti jẹ ìjókòó rẹ̀. Owó wọn náà kì í ṣe èyí tí ń lé oorun lójú ẹni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó bá ní eyín kì í ní ètè, èyí tó bá sì ní méjèèjì, ẹ ó gbọ́ pé bátìrì rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Zoe tó kọ́kọ́ dé síbí ní 2013, èèyàn á ra ọkọ̀, á wá máa háyà bátìrì. Ara ọkọ̀ jẹ́ tìrẹ, ọkàn rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, wàá sì máa sanwó ọkàn lóṣooṣù. Nítorí náà, tí ẹ bá rí Zoe tí owó rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ló ni bátìrì. Nígbà tó di ìparí 2019 ni èyí tí wọ́n ń pè ní ZE50 jáde, tó gbé bátìrì 52 kWh, tí ìwé rẹ̀ sì ní ó lè rin máìlì 245. Ọkọ̀ gidi nìyẹn. Àmọ́ ihò CCS tí èèyàn fi ń gba iná wàràwàrà lójú ọ̀nà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti fowó kún owó nígbà tó ń rà á ní tuntun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní "kí ni mo fẹ́ fi ṣe?", wọ́n ki owó wọn bọ àpò. Àwọn ahun yìí ló wá ń ta ọkọ̀ wọn fún wa báyìí.

Èyí tí kò ní CCS náà ń gba iná kilowáàtì 22 níbi tí irú iná bẹ́ẹ̀ bá wà, ó sì máa ń tó wákàtí mẹ́ta kó tó kún. Fún ẹni tó kàn ń lọ sọ́jà, kò burú. Ẹni tó gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù láti Manchester lọ síbi ìnáwó ní Peckham ní London, tí olóde ń pè lórí fóònù pé "ẹ ti dé ibo báyìí?", irú wọn kò lè jókòó wákàtí mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ò bèèrè ihò. Nọ́ọ̀sì ni, ilé aláìsàn kan sí òmíràn ló ń lọ látàárọ̀, ìjókòó tó ń gbóná àti sítíárìn tó ń gbóná ló sì fẹ́. Ó ní òtútù ìlú yìí ti wọ òun légungun, òun ò ní lọ ra ọkọ̀ tí òun á tún máa gbọ̀n nínú rẹ̀. Ó tún béèrè búùtù. Mo ní lítà 338 ni. Ó ní, "Kúlà mélòó nìyẹn?" Kò sí nínú gbogbo ohun tí mo kà ibi tí wọ́n ti fi kúlà wọn búùtù. (Ohun kan wà tí mi ò sọ fún un: àjọ Euro NCAP tó ń fi ọkọ̀ sọ ògiri láti dán an wò fún Zoe ní ìràwọ̀ márùn-ún ní 2013, nígbà tí wọ́n tún padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 2021, wọ́n fún un ní òdo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ ọ́ síbì kankan.)

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ wò ó: ZE50, bátìrì tí kò lólówó míì, CCS, ìdí gbígbóná, ọwọ́ gbígbóná. Ẹ wá a lọ.

Ohun tó tún wá mú un le ni pé àwọn tó ń tà á gan-an ò mọ ohun tí wọ́n ní. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń ṣájà kíákíá, kilowáàtì 22 ni wọ́n ní lọ́kàn. Ojú nìkan ló lè jẹ́rìí. Imú ni Zoe fi ń gba iná, lẹ́yìn àmì Renault tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Èèyàn á gbé àmì yẹn sókè, á rí ihò kéékèèké méje nínú òbìrí kan. Tó bá ní CCS, ihò ńlá méjì á tún wà lábẹ́ méje yẹn. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ á ya ẹ̀gbẹ́, á ya ẹ̀yìn, á ya táyà, á ya ibi tí wọ́n ń gbé kọ́ọ̀fù sí. Kò sẹ́ni tó ń ya inú imú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn òyìnbó: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí imú ọkọ̀ yín, kí ẹ ya ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ya abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan béèrè bóyá ara mi yá. Ọ̀kan ní òun ti tà á, tí ọkọ̀ náà ṣì wà lórí àtẹ di òní olónìí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, tí mò ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sọ ọ́ níbi ìkómọ títí ẹni tó jókòó tì mí fi gbé àwo rẹ̀, ó wá ibòmíràn jókòó.

Ẹni yẹn ni Bàbá Ìbejì. Díákónì wa ni, ó jù mí lọ dáadáa, ó sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọkọ̀ tí èèyàn ń ṣájà bíi fóònù kì í ṣe ọkọ̀ ọmọ ọkùnrin.

Ìgbà tó yá ni ìyá òyìnbó kan láti Carlisle fèsì. Kò béèrè ìbéèrè kankan, fọ́tò ló kàn fi ránṣẹ́. Mo kà á: ihò mẹ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló rà á ní tuntun, ó sì dà bíi pé gbogbo ohun tí wọ́n ní kó fowó kún ló fowó kún: ìjókòó ń gbóná, sítíárìn ń gbóná, bátìrì jẹ́ tiwọn. Irú ọkùnrin báyẹn ò pọ̀ láyé mọ́. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. A fàdéhùn sí Sátidé, ọ̀sán. Mo fi han ìyàwó mi, inú rẹ̀ dùn, ó sọ fún Ìyá Ìbejì.

Bí wákàtí méjì ni rélùwéè gbé mi dé Carlisle. Mo kan ilẹ̀kùn, màmá náà ṣí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ti dé o."

Ẹ̀gbọ́n wo?

Ó mú mi wọ kíṣìnì. Bàbá Ìbejì ló jókòó síbẹ̀, nínú kóòtù àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, tíì níwájú rẹ̀, bísíkíìtì lọ́wọ́, ìwé ọkọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti sanwó tán.

"Àbúrò mi!" ló wí. "Ọlọ́run ló rán ẹ wá! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó pé ta ni yóò kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń wà á délé."

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí àgbà ni. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ tí mo—"

"Òun ni! Bí o ṣe yìn ín tó níbi ìkómọ ni mo ṣe rà á. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ iná, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwọ kì í tan ara rẹ jẹ."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sírú èyí? Ẹ̀gbọ́n ni, díákónì ni, òyìnbó sì ń wò wá. Mo jẹ bísíkíìtì.

Bí a ṣe ń jáde, màmá náà fà mí sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ti tan ọkọ̀ kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́, òun sì ti tan ìjókòó àti sítíárìn fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí yìnyín wà lórí òkè Shap tó wà lójú ọ̀nà wa. Mo dúpẹ́. Mo wọ iwájú lọ́wọ́ òsì, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wà á, sà." Ó ní rárá, ọkọ̀ tuntun kì í gba ọwọ́ méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní, "Kò burú, sà. Ìjókòó yín yẹn, wọ́n ti—" Ó ní, "Àbúrò, dákẹ́ ná. Mo fẹ́ gbájú mọ́ nǹkan tí mò ń ṣe."

Mo dákẹ́.

A gba títì márosẹ̀ M6 lọ sí ìhà gúúsù. Bátìrì ò ju ìdajì lọ, òtútù sì ń bù ú jẹ. Bàbá Ìbejì di sítíárìn mú bí ẹni tó mú olè, ó ń béèrè léraléra bóyá ọkọ̀ ṣì wà ní títàn, torí kò gbọ́ ariwo kankan. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Shap, mo rí i tó sún ìdí sọ́tùn-ún. Ó sún un sósì. Ó gbé e sókè pátápátá, ó sì tún jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àbúrò."

"Sà."

"Bátìrì ọkọ̀ yìí, ibo ló wà?"

"Abẹ́ wa ni, sà. Abẹ́ ìjókòó."

Kò sọ̀rọ̀ fún bíi máìlì kan.

"Abẹ́ ìjókòó ta ni?"

"Gbogbo wa ni, sà. Ṣùgbọ́n ìjókòó tiyín yẹn—"

"Mo ní kí o dákẹ́! O fẹ́ kí n kọ lu àgùntàn ni?"

Kò sí àgùntàn kankan lórí M6, wọ́n wà lórí òkè lọ́hùn-ún, wọ́n ń jẹ koríko wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Lójijì ló ké: "Iná ń jó mi nídìí o! Yéè! Ó ti dé ọwọ́! Ó ti gba inú ara mi kọjá, ó ti dé ọwọ́!"

Sẹ́fíìsì kan, ibi tí awakọ̀ ti ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ló gbà wá. Ó yà wọbẹ̀, ó gba ààyè ọkọ̀ méjì pọ̀, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ń fi kóòtù lu ìdí ara rẹ̀. "Jáde! Àbúrò, jáde! Ó fẹ́ bú gbàmù!" Ìdílé òyìnbó kan tó ń jẹ búrẹ́dì nínú ọkọ̀ wọn gbé gíláàsì wọn sókè. Kí n tó yọ bẹ́líìtì mi, ó ti mú omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgò ńlá, ó sì dà á sórí ìjókòó títí ìgò fi gbẹ. Nínú òtútù yẹn, lórí ìjókòó gbígbóná, oru omi funfun díẹ̀ rú jáde. "O ò rí i? Èéfín nìyẹn! Èéfín!"

Mo wá sọ̀rọ̀ wàyí.

"Sà, kò sóhun tó ń jóná. Ìjókòó náà ló ń gbóná. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Sítíárìn náà. Owó ni wọ́n fi ra á."

Ó wo ìjókòó, ó wò mí. "Wọ́n fowó ra kí ìdí èèyàn máa gbóná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀."

"O sì mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"O ò wá lè sọ?"

"Ẹ ní kí n dákẹ́, sà."

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sún ọkọ̀ síbi ṣájà, mo lọ síwájú, mo gbé àmì Renault sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú ara mi rí i nìyẹn. Méje lókè, méjì nísàlẹ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, ó jọ pé olóògbé kì í jìnnà sílé. Wáyà CCS wúwo, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. Mo tì í wọlé, ó dún "kà!", nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bàbá Ìbejì dúró tì mí, ó ń wo bó ṣe ń lọ.

"Ṣé èyí lo ń rò lẹ́jọ́ níbi ìkómọ?"

"Òun ni, sà."

"Ó dáa gan-an o," ló wí. Mo fẹ́ sunkún.

Nígbà tí iná tó wa í délé, ó fi ọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀. Fóòmù ti mu gbogbo omi yẹn tán. Ó wo ìjókòó tèmi, mo ti wà nínú rẹ̀, mo ti de bẹ́líìtì.

"Àbúrò, ṣé o lè bá mi wà á díẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà. Ọkọ̀ tuntun kì í gba ọwọ́ méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ó jókòó. Omi dún lábẹ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé bọ́tìnì tó ń mú ìdí gbóná yẹn, ṣé ó ṣeé ṣe kó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fà á dé òpin fún un. Báyẹn la ṣe dé Manchester, gíláàsì kún fún oru omi, òórùn ọkọ̀ náà jọ ti aṣọ tí kò gbẹ.

Ìyá Ìbejì ti kó èèyàn jọ síwájú ilé, fóònù ti wà lókè, wọ́n fẹ́ ya bàbá bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi wà láàárín wọn, ó káwọ́ gbera, kò wo ọkọ̀, èmi ló ń wò. Bàbá Ìbejì ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà kó lè tì í. Gbogbo ẹ̀yìn ṣòkòtò eérú yẹn ti dúdú láti ìbàdí dé orúnkún.

"Bàbá Ìbejì!" Ìyá Ìbejì figbe ta. "Kí lẹ ṣe sára yín lọ́jọ́ ogbó?"

Ó wò mí. "Àbúrò, bá mi ṣàlàyé fún wọn."

"Bátìrì ló jò, mà," ni mo wí.