Ohun tí Àbẹ̀kẹ́ ń kọ́ nídìí máṣìn mi

Oṣù kejì tí Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọmọ ọdún méjì lé díẹ̀. Ojú ìwé méjì gbáko ni kí ó kọ 1 sí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù lé e lọ́wọ́, ó fi ìka márààrún gbá a mú bí ẹni gbá ọmọ odó mú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ìwé ya. Mo wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, èmi ń kọ, òun ń sunkún. Ká tó parí ojú ìwé kan, èmi náà ti ń sunkún.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn: máṣìn mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ méjì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọwọ́ níṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, n kì í gbé aṣọ oníbàárà lé e lọ́wọ́. Á kọ́kọ́ máa tú èyí tí a rán ṣì, á máa gán bọ́tìnnì, á máa wa máṣìn lórí bébà láìfi òwú sí i, títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi gbọ́ ara wọn yé. Mo ń ṣe sùúrù yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ tó ti pé ọdún méjìdínlógún, mo sì ń fagbára fa ọwọ́ ọmọ ọdún méjì tí mo bí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an nígbà tí mo rò ó.

Màámi ni wọ́n la ọ̀nà míì. Wọ́n wá kí wa láti Ìṣẹ́yìn lọ́sẹ̀ náà, wọ́n bá ìwé yẹn lórí tábìlì, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn. "Ta ló ni èyí?" Mo ní ọmọ yín ni. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n da ẹ̀wà sórí atẹ, wọ́n fi Àbẹ̀kẹ́ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní kí ó bá àwọn ṣà á. Ọmọ tí kò lè di pẹ́ńsù mú bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá he ẹ̀wà tó ti jẹrà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ yọ síwájú, kò gbọ́ ariwo ẹnikẹ́ni. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wo ìka méjì yẹn. Àwọn náà ló máa di pẹ́ńsù mú tó bá yá, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí okun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nídìí ẹ̀wà o. Lẹ́yìn tí màámi padà sílé, oníbàárà kan wọlé, mo yíjú sí i fún ìṣẹ́jú kan péré, Àbẹ̀kẹ́ ti ti ẹyọ kan bọ imú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bá wa yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, bí àgbàlagbà kò bá jókòó tì í, ohun tí kò lè gbé mì, tí kò sì lè wọ imú rẹ̀ nìkan ló ń fọwọ́ kàn: ṣíbí, ìdérí ìkòkò, róòlù òwú ńlá tó ti tán. Bọ́tìnnì wà nínú agolo tó ní ìdérí líle, lórí kọ́bọ́dù.

Róòlù òwú yẹn ló fẹ́ràn jù. Ó ń tò wọ́n léra. Mẹ́rin ló lè tò nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ó ti di méje báyìí, tó bá sì wó, á pàtẹ́wọ́, á tún un tò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń ta ègé aṣọ sí i kí ó bá wọn ṣa pupa sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ, òun ló fi mọ gígùn àti kúkúrú: á na téèpù sí ẹsẹ̀ rẹ̀, á na án sí tèmi, á ní, "Ti màmá gùn!"

Níbi àwọ̀ ni màámi àti jẹ́lé-ó-sinmi ti yàtọ̀ síra. Màámi máa ń pe ẹ̀fọ́ tútù ní dúdú, ọmọ náà sì ń tẹ̀lé wọn. Olùkọ́ ní kò mọ àwọ̀. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n, tiwa ni. Funfun, pupa, dúdú ni àwọn àgbà fi ń pín ayé: epo pupa ni, ìyeyè tó pọ́n pupa ni, ewé tó tutù tó kún sì dúdú minimini. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba èyí lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó mọ ìyókù kún un. Nítorí náà mo ń fi ohun tó ń rí pè é: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Bàbá tó bí màámi, òfì ni wọ́n ń hun n'Ìṣẹ́yìn, ègé mẹ́ta sì wà nílé lọ́wọ́ wọn títí di òní: ẹtù tí aró mu dáadáa, sányán tó rí bí erùpẹ̀ gbígbẹ, àlàárì tó pọ́n fòò. Wọ́n kó o wá fún un. "Àlàáyì" ló ń pè é, kì í sì í ṣì í mú.

Nígbà tí mò ń pọ̀n ọ́n, mo máa ń sọ gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe fún un, àwọn oníbàárà á ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn mi ló ti gbọ́ ohùn Yorùbá, bí ó ṣe ń lọ sókè sódò. Kò tíì lè pe gb títí di àná, "ìbálẹ̀" ló ń pe ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gún, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọmọ ọwọ́ rí i pé ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nílé, láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni etí rẹ̀ ti ń pàdánù ìyàtọ̀ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Mo ka èyí, inú mi dùn pé mi ò panu mọ́.

Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ló ń bẹ̀rù Yorùbá tí mò ń sọ sí i. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn rẹ̀yìn ní kíláàsì. Mo sọ ti Ilé-Ifẹ̀ fún wọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin, wọn ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ dákẹ́, wọ́n rò ó. A wá pín in: àwọn ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá dé láti ibi iṣẹ́, èmi ń sọ Yorùbá látàárọ̀. Ti wíwo fóònù ò gbà wá lákòókò láti fẹnu kò sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2019: kí ọmọ tó pé ọdún méjì, ẹ má gbé e síwájú rẹ̀, láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tó bá kéré sí i ló dáa jù.

Mo lọ bá olùkọ́ náà lórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní àwọn òbí ló ń béèrè rẹ̀, pé tí ìwé ọmọ bá ṣófo, wọ́n á ní owó àwọn ń ṣòfò. Mo ní kí ìwé Àbẹ̀kẹ́ ṣófo, mi ò ní bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ oǹkà ló kù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti kọ́ ọ ní ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá, á sì kà á fún gbogbo oníbàárà bí orin, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí ó mú àlùbọ́sà mẹ́ta wá, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà ló ń kó wá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kíka ẹ̀ta lẹ́nu, ọ̀tọ̀ ni kí mẹ́ta yé ọmọ. A bẹ̀rẹ̀ láti orí kan. Àlùbọ́sà kan fún màmá. Kan fún Àbẹ̀kẹ́. Mélòó? Oṣù méjì la lò lórí méjì nìkan, nídìí ata, nídìí bàtà, nídìí etí àti ojú, mi ò sì kánjú.

Lánàá, mò ń rán àwọ̀sókè bùbá kan, mo ní kí ó bá mi mú róòlù òwú mẹ́ta wá láti inú apẹ̀rẹ̀. Ó kó méjì wá, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ó nà wọ́n sí mi. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn lé ẹsẹ̀ mi, ó sì padà sídìí apẹ̀rẹ̀.